Iye Kálórì Tó Tọ́ sí Yín Lójúmọ́ Bí Ẹ Bá Fẹ́ Dín Sísanra Kù

Ìwé ìlàlóye fún àwọn olùgbé Wuye àti agbègbè rẹ̀, Abuja

Ta ni ìwé yìí wà fún?

Àgbàlagbà tó ti lé ní ọmọ ọdún 18, tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ti sọ fún pé ara rẹ̀ wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, ni a kọ ọ́ fún. Ọ̀pọ̀ wa ní Wuye, inú ọkọ̀ la ti ń jókòó lọ síbi iṣẹ́, orí àga la ti ń ṣiṣẹ́, inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ la tún ti ń jókòó bọ̀ wálé. Oúnjẹ tí àwọn òbí wa ń jẹ lọ sóko la ṣì ń jẹ, bẹ́ẹ̀ a kì í roko mọ́. Èyí tí ara kò bá lò nínú rẹ̀, ọ̀rá ló ń fi í ṣe.

Kí ni kálórì?

Kálórì ni a fi ń wọn agbára tó wà nínú oúnjẹ. Gíráàmù kan ṣúgà ní kálórì 4. Gíráàmù kan òróró tàbí epo ní 9. Lára ọ̀rá tí wọ́n fi di oúnjẹ tàbí páálí rẹ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ "Energy" sí: iye tó wà níwájú "kcal" ni kí ẹ kà.

Bí ẹ ó ṣe ṣírò tiyín

Ìlànà ìṣirò Mifflin-St Jeor, tó jáde ní 1990, ni a ó lò.

1. Ẹ fi 10 sọ ìwọ̀n ara yín ní kílò di púpọ̀.
2. Ẹ fi 6.25 sọ gíga yín ní sẹ̀ǹtímítà di púpọ̀, kí ẹ rò ó mọ́ ti àkọ́kọ́.
3. Ẹ fi 5 sọ ọjọ́ orí yín di púpọ̀, kí ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.
4. Bí ẹ bá jẹ́ obìnrin, ẹ yọ 161. Bí ẹ bá jẹ́ ọkùnrin, ẹ fi 5 kún un.
5. Ẹni tó ń jókòó látàárọ̀ dalẹ́ yóò fi 1.2 sọ èsì yìí di púpọ̀. Ẹni tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ yóò lo 1.375, ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá gidi ní ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lọ́sẹ̀ yóò lo 1.55.
6. Ẹ yọ 500. Èyí tó bá kù ni kálórì tó tọ́ sí yín lójúmọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ìyá ọlọ́jà kan tó jẹ́ ẹni 40 ọdún, tó wọn kílò 90, tó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 160. 900 àti 1,000 jẹ́ 1,900. A yọ 200, a tún yọ 161, ó ku 1,539. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ́jà, nítorí náà a fi 1.375 sọ ọ́ di púpọ̀: ó tó nǹkan bí 2,100. A yọ 500. Kálórì 1,600 ló tọ́ sí i lójúmọ́.

Níbẹ̀rẹ̀, èyí lè mú nǹkan bí ìdajì kílò kúrò lọ́sẹ̀ kan. Bí ara bá ṣe ń fúyẹ́, iye agbára tó ń lò náà yóò máa dín kù, nítorí náà ẹ tún ìṣirò náà ṣe nígbàkigbà tí kílò márùn-ún bá ti lọ. Bí ìyá yìí bá dín kílò 4.5 sí 9 kù láàárín oṣù mẹ́fà, ó ti ṣe dáadáa. Ìyẹn lè ran ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti wálẹ̀.

Níbo ni 500 náà yóò ti jáde?

Kò dìgbà tí ẹ bá fi ebi pa ara yín. Ẹ wò ó:

- Ẹ̀bà: gààrí gíráàmù 100 ní nǹkan bí kálórì 350. Ẹni tó ń fi gíráàmù 150 tẹ̀bà, tó wá dín in kù sí 100, ti yọ 175.
- Epo tàbí òróró: síbí ìjẹun ńlá kan ní 120. Ẹ yọ síbí kan nínú ọbẹ̀ tiyín.
- Ẹlẹ́rìndòdò: ìgò 50cl kan ní nǹkan bí 200. Ẹ fi omi rọ́pò rẹ̀.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 495, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ mẹ́ta lójúmọ́ kò yẹ̀. Múdù ni wọ́n fi ń wọn gààrí fún wa lọ́jà, kò sì sọ iye gíráàmù. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ fi òṣùwọ̀n ilé ìdáná wọn gíráàmù 100 lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ dà á sínú ife kan, kí ẹ fi àmì sí ibi tó dé. Ife yẹn ni ẹ ó máa lò láti ìgbà náà lọ.

Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, kí ẹja, ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹran gba ìdá mẹ́rin rẹ̀, kí òkèlè tàbí ìrẹsì gba ìdá mẹ́rin tó kù. Ẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, yálà ní àdúgbò tàbí létí adágún Jabi.

Ẹ ṣọ́ra

- Láìsí dókítà tó ń ṣọ́ yín, kí obìnrin má jẹ dín ní 1,200, kí ọkùnrin má jẹ dín ní 1,500.
- Tíì "ìfọnra" tó ń mú ni yàgbẹ́ kì í dín ọ̀rá kù. Omi ara ló ń lé jáde.
- Aboyún kò gbọdọ̀ ṣe ètò yìí. Kí ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, arúgbó, alárùn kídìnrín, àti ẹni tó ti ní ìṣòro jíjẹun rí kọ́kọ́ rí dókítà.
- Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó dín oúnjẹ kù. Bí ara bá ń gbọ̀n, tí òógùn ń bò yín, tí òòyì sì ń kọ́ yín, ẹ mu omi ṣúgà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì tètè lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí

Ẹ máa gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní àárọ̀, kí ẹ tó jẹun, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá kọjá tí òṣùwọ̀n kò yí padà, ẹ mú àkọsílẹ̀ yín lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín, kí nọ́ọ̀sì tàbí onímọ̀ oúnjẹ bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.