Ìfẹ́ àti Ìgbéyàwó Àwọn Ará Gíríìkì Ìgbàanì Nínú Ìtàn Àròsọ

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn àròsọ nípa ìlú Áténì ayé àtijọ́, ní nǹkan bí ọdún 430 ṣáájú ìbí Kristi, tí ó sì ń gbèrò pé kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan pàdé omidan kan lọ́jà, kí ojú wọn ṣe mẹ́rin, kí ọkàn wọn fà mọ́ra, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ di tọkọtaya, kí ó rọra ná. Nítorí omidan ilé ọlá ní Áténì kì í dédé jáde lọ sí ọjà, òun kọ́ sì ni ó ń yan ẹni tí yóò fẹ́ ẹ.

Baba rẹ̀ ni ó ń fi í fún ọkọ, àárín ọkùnrin méjì sì ni àdéhùn náà wà. Ọmọ náà lè má ju ọdún 14 tàbí 15 lọ, nígbà tí ẹni tí ń bọ̀ wá fẹ́ ẹ ti ń sún mọ́ 30. Ọkọ kì í san owó orí níbẹ̀. Baba ìyàwó ni ó ń di owó fún ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ọkọ, bí ìgbéyàwó bá sì tú, dandan ni kí ọkọ dá a padà. Alẹ́ ni wọ́n ń sin ìyàwó, tòun ti orin àti ògùṣọ̀ tí ìyá rẹ̀ tàn, bí ó bá sì dé ìdí ààrò ilé ọkọ, wọn a da ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ àti èso oríṣìíríṣìí lé tọkọtaya lórí.

Ṣé kí a wá sọ pé ìfẹ́ kò sí nínú irú ilé bẹ́ẹ̀? Rárá o. Lẹ́yìn ìgbéyàwó ni kí òǹkọ̀wé ti lọ máa wá a, kí ó má fi tipátipá tì í síwájú. Ẹ gbọ́ ìtàn Hipparete, tí Plutarch, òǹkọ̀wé Gíríìkì kan, kọ sílẹ̀. Ọmọ Hipponicus olówó ni, aya Alcibiades, arẹwà ọmọ Áténì, ọ̀gágun ẹlẹ́nu oyin tí tọmọdé tàgbà ń wò ní àwòtúnwò. Obìnrin náà fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ kò jáwọ́ nínú àgbèrè, títí aya fi kó lọ sí ilé arákùnrin rẹ̀. Òfin sì béèrè pé kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn tọ ìjòyè ìlú lọ láti kọ ọkọ sílẹ̀. Bí ó ti dé ibẹ̀ ni Alcibiades yọ sí i, ó gbé e, ó gba àárín ọjà kọjá lọ sí ilé, kò sì sí ẹni tí ó tó bẹ́ẹ̀ láti dá a dúró. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó wà títí ọlọ́jọ́ fi dé, kò sì pẹ́ tí ó kú.

Òǹkọ̀wé tí ara ń kán a pe èyí ní ìfẹ́. Òmíràn a pè é ní ìkà. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: nígbà tí ilẹ̀kùn tì lẹ́yìn wọn, kí ni wọ́n bá ara wọn sọ, obìnrin tí ó fẹ́ràn ẹni tí ń dá a lóró, àti ọkùnrin tí owó ńlá ìbá bọ́ mọ́ lọ́wọ́ bí aya bá lọ? Plutarch kò wọ inú ilé náà. Iṣẹ́ ìtàn àròsọ gan-an nìyẹn.

Àwọn ará Gíríìkì fúnra wọn sì ti ṣe é rí. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kìn-ín-ní lẹ́yìn ìbí Kristi, Chariton kọ ìwé kan nípa Callirhoe, ọmọ Hermocrates, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun tí ó ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Áténì ní Sísílì ní èyí tí ó ju 400 ọdún ṣáájú. Ó wu Chariton pé kí ìfẹ́ ṣíwájú, ṣùgbọ́n ó mọ àṣà ìlú tí ó ń kọ nípa rẹ̀: ọjọ́ ọdún òrìṣà Aphrodite, ọjọ́ tí omidan lè jáde, ni ó jẹ́ kí Callirhoe àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Chaereas, rí ara wọn, nígbà tí ó sì jẹ́ pé ọ̀tá ni baba méjèèjì, gbogbo ìlú ni ó péjọ bẹ Hermocrates kí ó tó gbà.

Ohun tí ó tẹ̀lé ìgbéyàwó ni ó dùn mọ́ mi jù. Owú mú kí ọkọ ta aya rẹ̀ nípàá, wọ́n rò pé ó kú, wọ́n sin ín. Àwọn olè tí ń fọ́ ibojì gbé e lọ tà sí Mílétù, níbi tí ó ti gbà láti fẹ́ ọkùnrin kan, Dionysius, nítorí oyún Chaereas tí ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó padà rí ọkọ àárọ̀ rẹ̀, ó kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí Dionysius, ó fi ọmọ lé e lọ́wọ́ láti tọ́, ìkọ̀kọ̀ sì ni ó ti ṣe é, nítorí ó mọ bí owú Chaereas ti pọ̀ tó.