Èdè Wo Ni Ó Yẹ Kí A Fi Kọ Ayò Sínú Kọ̀ǹpútà?

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí bá ọ̀dọ́ Òkè Padre ní Ìbàdàn mu, tí ó ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, tí iná mànàmáná kò sì dúró dè é, bí ó bá ń fẹ́ kọ ayò ọlọ́pọ́n tí àwọn ènìyàn yóò máa ta lójú ẹ̀rọ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: èdè wo ni yóò fi pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà? Bí ó bá ṣi èdè yàn, iṣẹ́ ọdún kan lè di òfo mọ́ ọn lọ́wọ́.

Òǹkà 0 àti 1 nìkan ni ó yé kọ̀ǹpútà. Nítorí náà ni a ṣe ń fi èdè àkànṣe kọ àṣẹ, tí a sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ìtumọ̀ náà ń gbà. Èkíní dàbí ìwé tí a ti túmọ̀ tán kí a tó gbé e jáde: bẹ́ẹ̀ ni C tí Dennis Ritchie ṣe ní 1972, àti C++ tí Bjarne Stroustrup gbé jáde ní 1985. Èkejì dàbí ògbufọ̀ tí ó dúró ti oníwàásù àlejò, tí ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ bí ó ti ń jáde: bẹ́ẹ̀ ni Python tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991. Ti àkọ́kọ́ a máa yára. Ti ìkejì a máa rọrùn láti kọ àti láti tún ṣe. Java ti 1995 àti C# ti 2000 wà láàárín méjèèjì.

Ihò 12 àti ọmọ 48 ni ayò ní. Yíya ọpọ́n àti pínpín ọmọ rẹ̀ kò ni ẹ̀rọ lára. Python tó o ṣe. Eré bọ́ọ̀lù tí ènìyàn 22 ń sáré nínú rẹ̀, tí a ní láti ya àwòrán rẹ̀ ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ni ó ń béèrè C++, tàbí Unity tí a ń fi C# bá ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí ẹ̀rọ di ọ̀ta ayò, ọ̀ràn yí padà, nítorí yóò ní láti ro ọ̀pọ̀ ìta síwájú. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Amsterdam fi ẹ̀rọ aṣírò 144 wo ipò 889,063,398,406 nínú awari, tí í ṣe ìbátan ayò. Wọ́n rí i pé bí ẹnì kan kò bá ṣì í ta, ọ̀mì ni yóò jẹ́.

Ohun kan tún wà tí ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ fojú fò. Nínú Unicode, òǹkà kan wà fún ọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan ṣoṣo fún ọ́. Àmì ohùn ni a ń kọ tẹ̀ lé e. Python yóò kà á sí méjì, Swift yóò kà á sí ẹyọ kan. Bí a bá ní kí ètò gé ọ̀rọ̀ kù sí ẹyọ mẹ́ta, ọkọ́ tí a fi ń roko lè di ọkọ ìyàwó. Ó yẹ kí a dán èyí wò kí a tó yan èdè.

Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ tí àwọn atayò ní, lẹ́yìn náà ẹni tí ó wà nítòsí tí ó lè kọ́ni, àti bí èdè náà ti ń ṣe sí àmì ohùn wa. Fún ayò, kí ọ̀dọ́ náà fi Python bẹ̀rẹ̀; bí ìrònú ẹ̀rọ bá falẹ̀, ó lè fi C tún apá ìrònú nìkan kọ, kí ó sì so ó mọ́ ìyókù.

Kí ó má sì jẹ́ kí àjèjì èdè bà á lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ Potogí ni Padre, tí í ṣe àlùfáà. Ìbàdàn fi sọ orí òkè tí Kàtídírà Màríà Mímọ́ wà, ó sì di ti Ìbàdàn.