Kí Ló Wà Nínú Owó Mẹ́kà?

Ní Ìkàrẹ́ Àkókó, ọ̀rọ̀ owó Mẹ́kà kì í mọ sí mọ́sálásí. Bí NAHCON, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ Hájì, bá ti kéde iye tí ti ọdún yẹn máa jẹ́, kì í pẹ́ tí yóò fi dé ọjà, dé ìsọ̀ àwọn télọ̀, dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Ìkàrẹ́ tó wà l'Ékòó àti ní London, tí wọ́n ti ń dá owó jọ kí ìyá wọn lè di Àlàájà. Lọ́dún 2023, owó náà kò tíì tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Nígbà tó fi máa di ọdún 2025, ₦8,784,085 ni wọ́n ní kí ará ìhà gúúsù, tí Ìpínlẹ̀ Òǹdó wà nínú rẹ̀, san. Ti ọdún 2026 wálẹ̀ díẹ̀, ó di ₦7,991,141, lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ ní kí NAHCON tún un ṣírò nítorí pé náírà ti gbérí díẹ̀ sí dọ́là.

Iye owó yìí wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ohun tí owó náà rà gan-an ni àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó gba ọ̀dọ̀ ìjọba lọ àti ẹni tó gba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ fi máa ń padà dé tí ìtàn wọn kì í bára mu. Ọ̀kan á ní láti ilé tí òun dé sí, òun ń gbọ́ ìrun látinú Háráámù, mọ́sálásí ńlá Mẹ́kà; èkejì á ní bọ́ọ̀sì ni òun ń dúró dè láràárọ̀. Mẹ́kà kan náà ni wọ́n lọ. Ọjà tí wọ́n rà ni kò dọ́gba.

Irú ìbéèrè yìí náà ni àwọn òyìnbó ń bi ara wọn nídìí àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò rìnrìn-àjò afẹ́ lórí odò Rhine àti odò Danube. Inú ọkọ̀ náà ni èèyàn ń jẹ, tó sì ń sùn. Ìlú tí ilẹ̀ ti ṣú u kọ́ ni ilẹ̀ ti ń mọ́ ọn. Àwọn ọkọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní títóbi, nítorí ilẹ̀kùn omi tí wọ́n ń gbà kọjá lórí odò kì í gba ọkọ̀ tó bá gùn ju nǹkan bíi mítà 135 lọ. Nítorí náà, ohun tí owó kó mọ́ra ni wọ́n fi ń bára wọn du oníbàárà. Ilé-iṣẹ́ Viking máa ń fi wáìnì àti bíà sí oúnjẹ ọ̀sán àti ti alẹ́, ó sì ń mú èrò káàkiri ìlú tí wọ́n bá dé láìgba owó mìíràn, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mu ọtí láàárín oúnjẹ kan sí èkejì yóò ṣí àpò. Scenic àti Tauck gbówó lórí jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọtí, ìrìn káàkiri, títí kan owó tí èrò máa ń fún àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀, ti wà nínú rẹ̀. CroisiEurope, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Faransé tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Strasbourg lọ́dún 1976, sábà máa ń dínwó, ọtí sì wà nínú owó rẹ̀, àmọ́ ó máa ń ta ìrìn káàkiri lọ́tọ̀. Ẹni tó bá rí owó tó kéré tó sì fò mọ́ ọn lè dé ìlú kẹta kó tó mọ̀ pé ohun tí òun fún pọ̀ níhìn-ín ti ń jò lọ́hùn-ún. Ọ̀dá náà tún lè yí ohun tí èèyàn rà padà. Lọ́dún 2018 àti 2022, omi odò Rhine fà débi pé bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi gbé àwọn èrò kan gba ibi tó yẹ kí ọkọ̀ gbà.

Ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà kò lọ ṣe fàájì o. Ọ̀kan nínú òpó márùn-ún ẹ̀sìn rẹ̀ ló ń lọ gbé ró, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń rí i ṣe. Ìyẹn gan-an ló fi yẹ kó béèrè ju ẹni tó ń lọ ṣeré lójú omi lọ, nítorí owó ilẹ̀ tí wọ́n tà tàbí ti kòkó ogún ọdún ló sábà máa ń wà nídìí ìrìn-àjò náà.

Ilẹ̀ Yorùbá ti pẹ́ nídìí ètò yìí. Nígbà kan, ọkọ̀ akẹ́rù ni àwọn èèyàn ń wọ̀ gba Chad àti Sudan kọjá, oṣù á sì gorí oṣù kí wọ́n tó dé. Lọ́dún 1958, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí, dá àjọ tó ń tọ́jú arìnrìn-àjò Mẹ́kà sílẹ̀, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Òfin ọdún 2006 ló wá dá NAHCON sílẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà ìjọba láti Ìkàrẹ́ yóò san owó rẹ̀ sọ́dọ̀ àjọ Ìpínlẹ̀ Òǹdó tó wà ní Àkúrẹ́, àjọ ìpínlẹ̀ á sì fi ránṣẹ́ sí NAHCON.

Kí ni owó náà wá rà? Ọkọ̀ òfurufú ló kó apá tó pọ̀ níbẹ̀, àlọ àti àbọ̀. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti wọlé láàárín gúúsù àti àríwá: lọ́dún 2025, owó tí ará gúúsù san fi ₦326,400 ju ti ará àríwá lọ, nítorí pé ọ̀nà tiwọn jìn sí Saudi Arabia ju ti àwọn ará Kano lọ. Físà wà nínú rẹ̀. Ilé ní Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú bọ́ọ̀sì láti ìlú kan sí èkejì, àgọ́ ní Minà àti ní Àráfà tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ Hájì, àti oúnjẹ, tí ó sábà máa ń jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ní àwọn ìlú méjèèjì.

Owó ìnáwó tí wọ́n ń pè ní BTA náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìjọba ló ń ta arìnrìn-àjò lọ́rẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó arìnrìn-àjò fúnra rẹ̀ ni, inú ohun tó san ni wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n kàn ṣẹ́ ẹ sí dọ́là ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2023 fi èyí hàn kedere. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan ní oṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n ti ojú òfurufú ibẹ̀ pa, ọkọ̀ òfurufú sì ní láti gba ọ̀nà tó jìn. Níbo ni wọ́n ti rí owó àfikún rẹ̀? Wọ́n yọ 100 dọ́là nínú 800 dọ́là BTA arìnrìn-àjò kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2025, BTA ti sọ̀kalẹ̀ sí 500 dọ́là. Ẹni tó bá ń fi owó ọdún kan wé ti òmíràn tí kò wo iye BTA tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣirò rẹ̀ ò pé.

Ohun tí kò sí nínú owó náà ni ó sábà máa ń já èèyàn láyà. Hádáyà ni àkọ́kọ́, ẹran tí ẹni tó ṣe Úmúrà mọ́ Hájì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ń ṣe, gbọ́dọ̀ pa. Lọ́dún 2025, ríyàlì 720 ni ètò Adahi ti ìjọba Saudi ń gbà lórí ẹran kan. Bí a bá ṣẹ́ 500 dọ́là sí ríyàlì, kò tó 1,900. Hádáyà nìkan á jẹ ju ìdá mẹ́ta rẹ̀ lọ. Ìyókù ni ìyá àgbà fẹ́ fi ra dàbínù, aṣọ ìkélé, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà fún ẹgbẹ́ àsàlátù, kó tún fi mu tíì, kó sì fi san owó ẹrù bó bá wúwo ju ohun tí ọkọ̀ òfurufú gbà lọ. Àwọn ọmọ tó bá ń rán òbí lọ yẹ kí wọ́n fi owó Hádáyà sọ́tọ̀ láti ilé.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni. NAHCON ló ń fún wọn ní ìwé àṣẹ. Lọ́dún 2025, Saudi Arabia ní ilé-iṣẹ́ tí kò bá ní arìnrìn-àjò 2,000 ó kéré tán, àwọn kò ní bá a da nǹkan pọ̀. NAHCON wá mú ilé-iṣẹ́ mẹ́wàá ṣe olórí, àwọn tó kù sì sá sábẹ́ wọn. Èyí kan oníbàárà gbọ̀ngbọ̀n. Ilé-iṣẹ́ tí èèyàn san owó fún ní Ìkàrẹ́ tàbí l'Ékòó lè má ṣe èyí tí orúkọ rẹ̀ wà lórí físà, ó sì dára kí èèyàn mọ ilé-iṣẹ́ olórí tí òun wà lábẹ́ rẹ̀ kó tó fọwọ́ síwèé.

Aládàáni sábà máa ń wọ́n jù, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n ń lò kì í pọ̀ tó ti ìjọba. Ìjọba ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ọkọ̀ òfurufú díẹ̀ ló sì ń sáré lọ sáré bọ̀, nítorí náà ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ lè lo nǹkan bí oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ Hájì fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kẹjọ sí ọjọ́ kẹtàlá oṣù Dhul-Hijja. Fún àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, oṣù kan lẹ́bàá Káábà jẹ́ ọ̀ràn ayọ̀. Fún olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì tó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò rọrùn. Ẹni tí orúnkún ń dùn ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wo bí ilé ṣe jìn sí Háráámù ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ẹni tó fẹ́ ra iyán á kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹran wà lórí rẹ̀. Kò burú kí ẹni tó fẹ́ san mílíọ̀nù béèrè orúkọ ilé tí òun máa sùn sí àti iye èèyàn tó máa wà ní yàrá kan.

Minà ni ibi tí gbogbo ìlérí ti ń hàn. Àfonífojì tóóró ni, láàárín òkè méjì, àgọ́ funfun kún ibẹ̀ tí ojú ò fi lè tó òpin wọn. Nínú àgọ́, àwọn ibùsùn tóóró tò lẹ́sẹ̀ẹsẹ̀, èjìká ń kan èjìká, báàgì ẹni sì wà níbi ẹsẹ̀ ẹni. Àwọn àgọ́ náà kì í gbiná. Wọ́n rọ́pò èyí tó wà tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn iná ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1997, tó pa èèyàn 343 nígbà tí àwọn èèyàn ń fi gáàsì dáná ní Minà. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dáná nínú àgọ́. Bí oúnjẹ tó wà nínú owó ẹni bá pẹ́ dé, ebi ni. Lọ́dún 2023, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kò rí àyè sùn ní Minà, wọ́n sì ṣàròyé lórí oúnjẹ. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, owó padà wá láti Saudi Arabia, ₦61,080 sì ni ti arìnrìn-àjò kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ kó tó dé, àmọ́ ó fi hàn pé ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ pé ó wà nínú owó, èèyàn lè béèrè rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta wà tí àwọn kan ń pè ní ẹ̀dínwó. Ajẹ́ǹtì á ní òun lè fi físà ìbẹ̀wò mú èèyàn wọ Saudi Arabia, kó sì yọ́ wọ Minà láìgba ìwé àṣẹ Hájì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán an wò. Ní Hájì ọdún 2024, ooru tó kọjá 50 ní ìwọ̀n Celsius mú àwọn èèyàn ní Mẹ́kà. Ìjọba Saudi kéde pé èèyàn 1,301 ló kú, àti pé 83 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò ní ìwé àṣẹ. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tí kò sí nínú ètò kò ní àgọ́ tó lè wọ̀, bọ́ọ̀sì ò gbọ́dọ̀ gbé e, inú oòrùn ló máa fẹsẹ̀ rin ọ̀pọ̀ kìlómítà. Ohun tí ajẹ́ǹtì yẹn yọ kúrò kí owó lè dínkù ni ibòji, omi àti ọkọ̀, ẹ̀mí àwọn èèyàn sì bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn Kristẹni náà. Láti Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà kò jìn, mọ̀lẹ́bí ibẹ̀ sì ti lọ́ mọ́ra, Mùsùlùmí àti ọmọ ìjọ lábẹ́ òrùlé kan náà. Kátólíìkì tó bá fẹ́ gun Òkè Màríà ní Ọ̀kà lọ gbàdúrà, owó ọkọ̀ àti bàtà tó le ló nílò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dé Jerúsálẹ́mù ní láti béèrè bí ti ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà: irú òtẹ́ẹ̀lì wo, oúnjẹ mélòó lójúmọ́, àwọn ibi mímọ́ wo ni bọ́ọ̀sì máa yà, owó ta ni wọ́n á fi san ẹ̀bùn awakọ̀?

Àkókò tí èèyàn san owó rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Lọ́dún 2024, àwọn tó ti san ₦4,899,000 ní gúúsù gbọ́ ní oṣù kẹta pé kí wọ́n tún fi ₦1,918,032 lé e nítorí náírà tó ti já wálẹ̀. Ó dun ọ̀pọ̀ èèyàn wọra, àwọn mìíràn ò sì lè lọ mọ́. Saudi Arabia náà ti yí ètò rẹ̀ padà: ẹni tó bá kọ́kọ́ sanwó ló ń kọ́kọ́ yan àyè ní Minà, tí wọ́n sì ń fẹ́ owó náà ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú Hájì. Àyè tí Nàìjíríà ní pàápàá ti dínkù. 95,000 ni tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di 66,910 fún ọdún 2026 nítorí pé a kì í lo gbogbo rẹ̀ tán mọ́.

Nítorí náà, èsúsú tí wọ́n máa ń kó nígbà tí Hájì ti kù sí dẹ̀dẹ̀ kò bá ètò tuntun yìí mu. NAHCON àti Jaiz Bank ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìfowópamọ́ Hájì láti ọdún 2020, níbi tí èèyàn ti lè máa dá owó díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kí wọ́n sì máa fi owó náà ṣòwò tí kò ní èlé nínú. Ìyá tó fẹ́ lọ ní ọdún márùn-ún sí i lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù yìí, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ìpínlẹ̀, kó sì gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́.