Ẹ Má Ti Ilẹ̀kùn Ilé-Ẹjọ́ Mọ́ Ará Ìlú

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé, Adájọ́ Mojisola Dada ti Ilé-Ẹjọ́ Gíga ní Ìkẹjà dá ẹjọ́ ikú fún ọkùnrin kan lórí ẹ̀rọ Zoom. Adájọ́ wà ní ibìkan, àwọn agbẹjọ́rò wà ní ibòmíràn, ẹni tí a ń dá lẹ́jọ́ sì wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikírì. Ẹnu ya ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé àti lẹ́yìn odi pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ti inú ẹ̀rọ jáde sí ẹ̀dá alààyè létí.

Ẹ̀yin olùkàwé wa, a kò bá ẹ̀rọ jà. Ẹlẹ́rìí tí ó jí ní agogo mẹ́rin ìdájí ní Ìkòròdù nítorí ẹjọ́ tí ń bẹ ní Ìkẹjà, tí akọ̀wé kọ́ọ̀tù sì sọ fún un pé adájọ́ kò ní jókòó lónìí, òun ni ó mọ ohun tí ẹ̀rọ náà tó. Owó ọkọ̀ ti lọ, iṣẹ́ òòjọ́ ti bàjẹ́, a sì tún ti sún ẹjọ́ síwájú. Bí agbẹjọ́rò méjì bá fẹ́ gba ọjọ́ tuntun lọ́wọ́ adájọ́, kí ni wọ́n ń wọ mọ́tò lọ ṣe? Kí wọ́n sọ ọ́ lórí fóònù.

Ìbéèrè tiwa ni pé níbo ni ará ìlú yóò jókòó? Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 36, pa á láṣẹ pé gbangba ni kí a ti máa gbọ́ ẹjọ́. Ó fi àyè sílẹ̀ kí adájọ́ lè ní kí èrò jáde nítorí àǹfààní ọmọdé tàbí ààbò ìlú, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ti ojoojúmọ́. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó àti ti Èkìtì gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ilé-Ẹjọ́ tí ó ga jù lọ, àwọn adájọ́ àgbà wí ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje ọdún 2020 pé títí di ọjọ́ náà, ìgbẹ́jọ́ orí ẹ̀rọ kò lòdì sí òfin.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn kọ́ọ̀tù, bẹ́ǹṣì wà lẹ́yìn. Ìyá ẹni tí a fi sùn a máa jókòó níbẹ̀. Tíṣà a máa kó ọmọ ilé-ìwé lọ. Ẹni tí kò níṣẹ́ pàápàá a máa lọ wòran, kò sì sí ẹni tí í bi í pé ta ni ó pè é. Ojú gbogbo wọn ń kó adájọ́ níjàánu, ó sì ń já ẹlẹ́rìí èké láyà. Lórí ẹ̀rọ, ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà ìwọlé, ìta ni yóò wà. Bí a bá fún agbẹjọ́rò nìkan ní nọ́ńbà náà, ẹjọ́ ìkọ̀kọ̀ ni, ìbáà ṣe pé adájọ́ dé wíìgì. Kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kọ́ọ̀tù pẹ̀lú orúkọ ẹjọ́ ọjọ́ náà, kí a sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn. Kí ẹni tí fóònù rẹ̀ kò lè gbé àwòrán lè pè, kí ó fi etí gbọ́.

Èyí tí ó bà wá lẹ́rù jù ni ti ẹlẹ́wọ̀n. Ẹni tí ó dúró níwájú adájọ́ lè ká aṣọ sókè, kí ó fi ojú ọgbẹ́ hàn. Èyí tí ó ń sọ̀rọ̀ láti inú ọgbà ẹ̀wọ̀n, tí wọ́dà dúró tì í níbi tí ẹ̀rọ kò ti rí i, báwo ni yóò ṣe wí pé wọ́n lu òun kí òun tó fọwọ́ sí ìwé ìjẹ́wọ́? Báwo ni yóò ṣe sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí agbẹjọ́rò rẹ̀ létí? Ẹjọ́ tí ó bá lè gba ẹ̀mí ènìyàn, kí a gbé ẹni tí a fi sùn àti àwọn ẹlẹ́rìí wá kojú ara wọn ní kọ́ọ̀tù, kí ìyá tí ó bí i sì wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn.