Àwọn Tí Ogun Lé Dé Douala

Nígbà tí a bá gbọ́ pé ogun lé àwọn ènìyàn kúrò nílé, àgọ́ ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn, níbi tí a ti ń kà wọ́n, tí a sì ń pín oúnjẹ fún wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Douala, ìlú èbúté ńlá ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Inú yàrá tí wọ́n ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù ni àwọn tí ogun lé ń gbé, pàápàá ní Bonabéri, níbi tí ọ̀nà Buea àti Kumba gbà wọ ìlú.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 1961, àwọn ará Gúúsù Kamẹrúùnù, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, dìbò láti darapọ̀ mọ́ apá tí Faransé ti ṣàkóso. Òfin àti ẹ̀kọ́ apá méjèèjì kò jọra. Àwọn agbẹjọ́rò àti olùkọ́ fi ẹ̀hónú hàn ní ọdún 2016; kí ọdún 2017 tó parí, ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọmọ ogun ìjọba àti àwọn tí ó fẹ́ dá dúró. Ó ju 500,000 ènìyàn tí ó ti sá kúrò nílé.

Àwọn tí ó sá kọjá ààlà wọ Nàìjíríà di ogúnléndé lójú òfin àgbáyé. A kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sá dé Douala kò kúrò ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ọwọ́ ìjọba tirẹ̀ ni ó ń wò.

Àgbẹ̀ tí ó fi oko kòkó sílẹ̀ ní Kumba lè rí ẹrù rù lọ́jà. Ìwé tí ó jóná mọ́ ilé rẹ̀ ni ó ṣòroó rí. Ẹni tí kò ní káàdì ìdánimọ̀ ń bẹ̀rù ọlọ́pàá lójú ọ̀nà. Ọmọ tí kò ní ìwé ìbí kò lè forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ọ́fíìsì tí ìwé náà ti jáde sì wà níbi tí ìjà wà.

Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe ní Kampala ní ọdún 2009, tí Kamẹrúùnù náà fọwọ́ sí, sọ pé kí ìjọba fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìwé mìíràn, láìsọ pé kí ó kọ́kọ́ padà sí ibi tí ó ti sá wá. Iṣẹ́ yìí kò ṣeé fi falẹ̀ mọ́. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n sá ní ọdún 2017 ti tó ọmọ ìdánwò báyìí.