ALẸ́ TÍ FÈRÈ SỌ̀RỌ̀ BÍ ÌYÁÀLÙ

Òwe òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí a bá dárúkọ jáàsì nínú ọgbà wa, oògùn ni ọkàn ọ̀pọ̀ ń lọ. Àwọn tí wọ́n mọ̀ pé orin ni a sì máa ń sọ pé ariwo lásán ni, kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1964, John Coltrane, afunfèrè saxophone ọmọ Amẹ́ríkà, kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ Rudy Van Gelder ní Englewood Cliffs, ìpínlẹ̀ New Jersey. McCoy Tyner ń tẹ dùùrù, Jimmy Garrison ń ta béèsì, Elvin Jones sì ń lu ìlù. Àwo tí wọ́n ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà ni A Love Supreme. Apá mẹ́rin ni, nǹkan bí ìṣẹ́jú 33 ni gbogbo rẹ̀. Ọpẹ́ ni Coltrane fi í dá lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Elvin ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí. Pontiac, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ni a bí i sí ní 1927; ó kú ní 2004. Ẹ rántí ẹgbẹ́ onídùndún: ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, gúdúgúdú ń lọ láìyẹsẹ̀, àwọn yòókù ń dá wọn lóhùn. Elvin nìkan ṣe gbogbo èyí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí aro, ọwọ́ òsì ń bá fèrè jiyàn lórí ìlù kékeré, ẹsẹ̀ méjèèjì náà sì ní tiwọn láti wí. Ní àkókò tí ọwọ́ kan fi lu ẹ̀ẹ̀mejì, òmíràn lè lu ẹ̀ẹ̀mẹta, síbẹ̀ wọn yóò jọ gúnlẹ̀. Òun ni ó lu agogo ńlá tí ó ṣí orin náà. Òun nìkan ni ó sì fi ìlù bẹ̀rẹ̀ apá kẹta.

Apá kẹrin ni ìdí ọ̀rọ̀. Coltrane kọ ewì ọpẹ́ kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára páálí àwo náà. Kò fi ẹnu kà á. Fèrè ni ó fi kà á, sílébù kan tẹ̀ lé òmíràn, bí oníwàásù, bí bàbá ìyá rẹ̀ ti jẹ́. Elvin sì ń lu ìlù ńlá tí ń dún bí ààrá lábẹ́ rẹ̀.

Coltrane mọyì onílù tiwa náà. Ní 1962, òun àti Elvin ṣe orin kan tí wọ́n pè ní Tunji, ní ìrántí orúkọ Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry. Ní oṣù Kẹrin 1967, Coltrane ṣeré ní ilé àṣà tí Ọlátúnjí dá sílẹ̀ ní Harlem. Oṣù Keje ọdún náà ni ó kú.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tí ń yí ìtumọ̀ padà bíi tiwa. Ẹni tí kò bá mú ewì Coltrane lọ́wọ́ kò lè mọ ọ̀rọ̀ tí fèrè ń sọ. Àwa kò nílò ìwé láti gbọ́ ìyáàlù. Àbí a ti ń nílò rẹ̀? Níbi ayẹyẹ ẹgbẹ́ wa, bí àyàn bá ki wá, mélòó nínú wa ni ó ń gbọ́, mélòó ni ó kàn ń ná owó?

Ẹ wá àwo náà gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bi àyàn léèrè ohun tí ó sọ sí yín.