Alágbàtọ́ Ajá tí a ṣe Iṣẹ́ Abẹ fún

Àwọn àgbà a máa sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ajá ni ó ti sọnù ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù láìsí ẹnì kan tí ó fọn fèrè sí wọn. Ní ọdún 1860, ìyá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mary Tealby, pẹ̀lú arákùnrin rẹ̀ tí í ṣe àlùfáà, dá ilé kan sílẹ̀ fún irú wọn ní àdúgbò Holloway. Àwọn kan fi í ṣe ẹlẹ́yà nínú ìwé ìròyìn. Ó kú ní ọdún 1865, ṣùgbọ́n ilé náà kò kú. Ní ọdún 1871 a kó o lọ sí Battersea, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní.

Kò sí bí ilé tí ajá pọ̀ sí ti lè dákẹ́. Bí ọ̀kan bá gbó, gbogbo wọn a gbó, èyí tí a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi abẹ là ní inú kò lè rí oorun sùn. Nítorí náà ni a fi ń wá àwọn ènìyàn tí yóò gba irú ajá bẹ́ẹ̀ sí ilé ara wọn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, títí ọgbẹ́ rẹ̀ yóò fi san, tí ẹni tí yóò ni ín títí láé yóò sì fi dé. Alágbàtọ́ ni wọ́n í ṣe, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́.

Iṣẹ́ abẹ tí ó wọ́pọ̀ jù ni yíyọ ilé ọmọ abo ajá, tàbí títẹ akọ lọ́dàá, kí àwọn ọmọ ajá tí kò ní olùtọ́jú má baà máa pọ̀ sí i. Òmíràn ni ọkọ̀ kọlù, tí a sì to egungun ẹsẹ̀ rẹ̀. Dókítà ẹranko a parí iṣẹ́ tirẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ọjọ́ 14 tí ó tẹ̀lé e wà ní ọwọ́ alágbàtọ́, ibẹ̀ ni iṣẹ́ dókítà sì ti lè bàjẹ́.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́ ajá náà yóò máa ta gbọ̀ngbọ́n bí ọ̀mùtí, nítorí oògùn oorun kò tíì tán ní ara rẹ̀. Kí a tẹ́ ẹ sí ilẹ̀ níbi tí ó móoru, kí a fún un ní omi àti oúnjẹ díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wàhálà dé, nítorí ara rẹ̀ yóò yá kí ọgbẹ́ rẹ̀ tó jiná. Yóò fẹ́ sáré, yóò fẹ́ fò gun orí àga. Kí a so okùn mọ́ ọn ní ọrùn bí a bá ń mú un jáde lọ tọ̀, kí a sì tètè mú un wọlé. Èyí tí a to egungun rẹ̀ lè wà ní ìhámọ́ fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, bí ó ti wù kí ó ké tó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé itọ́ ajá ni oògùn ọgbẹ́ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń lá a, yóò tú ibi tí a rán, ìdọ̀tí ẹnu rẹ̀ yóò sì wọ inú ara. Nítorí èyí ni dókítà fi ń fi ohun kan tí ó rí bí àrọ tí a fi ń rọ epo bọ̀ ọ́ ní ọrùn. Ajá kórìíra rẹ̀. Yóò máa fi kọlu ìlẹ̀kùn, yóò sì máa wo alágbàtọ́ bí ẹni tí a ṣẹ̀. Bí àánú bá ṣe ènìyàn tí ó sì bọ́ ọ kúrò ní òru kan péré, kí ilẹ̀ tó mọ́ ọgbẹ́ lè ti ya, kí ìfun sì yọ síta.

Kí a máa wo ojú ọgbẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí ó bá pọ́n tí ó sì wú díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kò léwu. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ṣọyún, tí ó ń rùn, tàbí tí ó là, kí a gbé ajá padà sí ọ̀dọ̀ dókítà ní ọjọ́ náà. A kò gbọdọ̀ wẹ̀ ẹ́ títí ọgbẹ́ yóò fi jiná. A kò sì gbọdọ̀ fún un ní oògùn ìrora ti ènìyàn: ibuprofen a máa dá egbò sí inú ikùn ajá, a sì máa ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Kí àgbẹ̀ tí ó ní ajá ọdẹ fi èyí sí ọkàn pẹ̀lú.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí àrùn dìgbòlugi ṣì wà, ajá tí a kò mọ orírun rẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọmọdé kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí ó bá gé ènìyàn jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn ní kíákíá, nítorí nígbà tí àmì àrùn náà bá ti hàn, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí ènìyàn tó yè é.

Alágbàtọ́ ń wòye ìwà ajá pẹ̀lú: ǹjẹ́ ó bẹ̀rù ọmọdé? Ǹjẹ́ ó ń lé adìyẹ? Ajá tí ń gbọ̀n láàrin ariwo lè di oníwà pẹ̀lẹ́ nínú ilé, ẹni tí ó bá a gbé nìkan ni ó sì lè jẹ́rìí sí i.

Ìyapa ni ó ṣòro jù. Àwọn kan kò lè fi ajá náà sílẹ̀, wọ́n a sì sọ ọ́ di tiwọn. Kò sí ẹni tí yóò bá wọn wí, ṣùgbọ́n àyè tí òmíràn ìbá dùbúlẹ̀ sí ti kún. Àwọn tí ó lè jọ̀wọ́ rẹ̀ a máa sọ oúnjẹ tí ó mọ́ ọn lára fún olówó rẹ̀ tuntun, wọ́n a sì fi aṣọ tí ó ń sùn lé kún ẹrù rẹ̀. A kì í fọ aṣọ náà tẹ́lẹ̀, nítorí òórùn ilé tí ó ti mọ̀ ni yóò bá a sùn ní òru àkọ́kọ́ ní ilé àjèjì.